Òru Mẹ́rìnlélógún Tí Mo Tẹ̀ Fún Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka ojú ìwé yìí, mo mọ̀ yín. Ẹ máa ń ka ìtàn ẹni tó já sí kòtò, ẹ ó mi orí, ẹ ó ní, "Èmi ò lè ya irú òmùgọ̀ yìí láé." Èmi náà máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí n sọ bí mo ṣe yà á.

Iṣẹ́ mi kò le. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ta fúláàtì ni mo wà. Ọ̀gá mi ló ń tà á; èmi ni mò ń tẹ nọ́ńbà. Bí oníbàárà bá wọlé, tó ní òun fẹ́ ra fúláàtì kí òun máa fi gba àlejò ọlọ́jọ́ díẹ̀, àwọn tó ń sùn ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì, tí wọ́n á sanwó tí wọ́n á sì bá tiwọn lọ, èmi ni mo máa ń tẹ orúkọ ilé náà sínú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà á ronú díẹ̀, á wá sọ iye òru tí àlejò á máa sùn níbẹ̀ lóṣù. Èmi á tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé tó nípọn, pẹ̀lú ọfà aláwọ̀ ewé kan tó kọjú sókè.

Ọfà yẹn ló ń ta ọjà. Oníbàárà kì í ka ọ̀rọ̀. Wọ́n á wo ọfà, ojú wọn á sì tẹ̀ lé e lọ sókè.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí mò ń pè ní Àǹtí, agbẹ̀bí ni. Òun ló tọ́ mi. Nígbà tí ìyá wa kú, kíláàsì kẹta ni mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ alẹ́ tó ń ṣe ní wọ́ọ̀dù ìbímọ ló fi san owó ilé ìwé mi títí mo fi parí. Ọmọ tó ti gbẹ̀bí rẹ̀ lè kún ìlú kan. Ìdúró iṣẹ́ náà ló ba orúnkún ọ̀tún rẹ̀ jẹ́: bó bá fẹ́ dìde lórí àga, orúnkún á kọ́kọ́ ké kí òun tó sọ̀rọ̀.

Ó ku ọdún márùn-ún kó fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ kan ó wá bá mi ní ọ́fíìsì, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ náà sórí àga kejì bíi pé òun ló ni ilé iṣẹ́ wa.

"Wọ́n ní mo lè kúrò lẹ́nu iṣẹ́ báyìí," ó ní. "Wọ́n á kó owó kan fún mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tí mo bá fi ra fúláàtì nínú ilé alájà mẹ́fà tẹ́ ẹ̀ ń tà yẹn, òru mélòó ni àlejò á máa sùn níbẹ̀ lóṣù?"

"Ẹ jẹ́ kí n wò ó fún yín, Àǹtí."

"Wò ó dáadáa. Mo ti ṣírò tèmi. Tó bá tó òru mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo lè jókòó sílé kí n tọ́jú ẹsẹ̀ mi. Tí kò bá tó o, màá padà sí wọ́ọ̀dù mi, èmi àti orúnkún mi á jọ fara dà á fún ọdún márùn-ún. Ṣé o gbọ́? Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

Ọ̀rọ̀ ò lè yé èèyàn jù báyẹn lọ. Bó bá pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó sinmi. Bí kò bá pé, kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Mo tẹ orúkọ ilé náà. Kọ̀ǹpútà ní mẹ́rìnlélógún.

Ká ní ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí, òmùgọ̀ lásán ni ǹ bá jẹ́, ǹ bá má ní ohun tí màá wá jẹ́wọ́ níbí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, mo lọ ya fọ́tò ilé náà. Lífítì ti kú, mo ń fi ẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn. Ní àjà kẹta, mo pàdé obìnrin tó ń fọ ilẹ̀ ibẹ̀. Rédíò ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí kò ní bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa á.

Mo kàn bá a sọ̀rọ̀ kí ẹnu mi má baà dilẹ̀ ni. "Fúláàtì kejìlá yẹn mà ń rí àlejò o. Kọ̀ǹpútà wa ní òru mọ́kàndínlọ́gbọ̀n lóṣù."

Rédíò ju aṣọ ìnulẹ̀ rẹ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. "Àlejò wo?"

"Àwọn tó ń gbà á."

"Ìyá ìyàwó onílé ló ń gbébẹ̀! Ó ní òun wá kí wọn fún ọ̀sẹ̀ kan. Láti ọdún tó kọjá ni o! Onílé ò lè lé e, ìyẹn ló jẹ́ kó ti kàlẹ́ńdà rẹ̀ pa lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí àlejò kankan má baà wá kan ilẹ̀kùn mọ́ màmá lórí."

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi ara ti ògiri.

"Ìkẹsàn-án ńkọ́?" mo bi í. "Ìyẹn náà kún."

"Páìpù omi tó wà lókè ìkẹsàn-án ti bẹ́. Àfi bó bá jẹ́ ẹja ló fẹ́ wá ṣàlejò níbẹ̀."

Ẹ jẹ́ kí n dúró ṣàlàyé, torí ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Kọ̀ǹpútà wa kò mọ ẹni tó sùn síbì kankan. Kàlẹ́ńdà tí onílé gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń yọjú wò. Ọjọ́ tó bá ṣí sílẹ̀, á ní ilé ṣófo. Ọjọ́ tí wọ́n bá tì pa, á ní àlejò ti sanwó. Bóyá páìpù ló ń jò o, bóyá ìyá ìyàwó ló jókòó ti tẹlifíṣọ̀n o, kò mọ̀, kò sì bi ẹnikẹ́ni. Àwọn onílé tí ọ̀rọ̀ náà ti sú, tí wọ́n ti yọ ìpolówó wọn kúrò, kò tilẹ̀ ka tiwọn mọ́. Ó dà bí ẹni tó ka kìkì àwọn ọmọ tó yege, tó wá ní ilé ìwé náà ò ní olódo.

Mo padà sí ọ́fíìsì, mo yọ kejìlá àti ìkẹsàn-án kúrò lára àwọn fúláàtì tí kọ̀ǹpútà ń kà. Kọ̀ǹpútà tún ronú. Òru mẹ́sàn-án ló bì jáde.

Mo mú nọ́ńbà méjèèjì lọ bá ọ̀gá mi. Ọkùnrin kan ni tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ.

"Mẹ́rìnlélógún yẹn," ó ní, "ṣé kọ̀ǹpútà ló parọ́?"

"Rárá, sà. Ohun tó rí ló sọ."

"Ṣé ìwọ lo parọ́?"

"Rárá, sà."

"Èmi ńkọ́?"

"Ká má rí i, sà."

"Nígbà tí kò sẹ́ni tó parọ́, kí ló wá ń dà ọ́ láàmú? Tẹ̀ ẹ́ jáde." Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi. "Tí ẹ̀gbọ́n rẹ bá rà á, kọmíṣọ̀n rẹ á di ìlọ́po méjì. Yàrá ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yẹn náà, tìẹ ni. A máa kọ orúkọ rẹ sára ilẹ̀kùn."

Ẹ̀yin èèyàn mi, kì í ṣe kọmíṣọ̀n ló pa mí. Ilẹ̀kùn yẹn ni. Ọdún mẹ́wàá ni mo ti fi ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìtọ̀, tí gbogbo ẹni tó bá jáde níbẹ̀ ń fi ọwọ́ tútù gbá mi léjìká pé, "Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gbẹ́ni oníṣirò." Ojú ẹsẹ̀ ni mo ti rí orúkọ mi lára ilẹ̀kùn náà. Mo tilẹ̀ ti mú àwọ̀ tí wọ́n máa fi kọ ọ́.

Mo tẹ mẹ́rìnlélógún. Ọfà jáde, ó tutù yọ̀yọ̀.

Nígbà tí mo gbé ìwé náà fún Àǹtí, kò wo ọfà. Ojú mi ló ń wò.

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Àǹtí, kọ̀ǹpútà kì í parọ́."

"Mi ò bi kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà ni mo tọ́. Ìwọ ni mò ń bi."

Àyè wà. Àyè tó fẹ̀ wà fún mi láti sọ pé, "Àǹtí, ẹ jókòó, ìyá ìyàwó kan wà ní kejìlá." A wo ara wa títí ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí.

"Ó dá mi lójú," ni mo wí.

Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ó ní, "O ṣeun, àbúrò mi." Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Fúláàtì kejìdínlógún ló rà, ní àjà kẹfà. Ẹ ò rí bó ṣe tún un ṣe! Ó ra kọ́tìnnì, ó to ìgò omi méjìlá sínú fìríìjì, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé sórí tábìlì: "Ẹ káàbọ̀. Ẹ mu omi dáadáa. Ẹ má ṣe mú ìtọ̀ mọ́ra."

Mo ní, "Àǹtí, àlejò kì í ṣe aboyún."

Ó ní, "Ta ló sọ fún ọ pé àpò ìtọ̀ wọn yàtọ̀?"

Èmi ni mò ń bójú tó ìpolówó náà lórí fóònù mi, torí ó ní èmi ni mo mọ̀ nípa nǹkan wọ̀nyẹn. Oṣù kìíní, a rí òru mẹ́rin: tọkọtaya kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìjà nítorí pé lífítì ò ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì ń jà á lọ títí wọ́n fi kó ẹrù wọn sọ̀ kalẹ̀. Oṣù kejì, òru kan ṣoṣo ò sí.

Àǹtí pè mí. "Mélòó la rí lóṣù yìí?"

Mo la ẹnu láti sọ òótọ́. Ohun tó jáde ni, "Méjìlélógún."

Mo wá mú lára owó oṣù mi, mo fi ránṣẹ́ sí i pé owó àlejò rèé. Mo rò pé oṣù kan péré ni, pé bó bá yá àlejò á dé, mi ò sì ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Àmọ́ Àǹtí tún ní òun ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo ìpolówó lórí fóònù, òun fẹ́ fojú ara òun rí i. Kí ni kí n ṣe? Mo ti kàlẹ́ńdà pa. Ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo tì, mo fi méjì sílẹ̀ kó lè jọ òótọ́. Àǹtí ṣí fóònù rẹ̀, ó rí pupa láti òkè délẹ̀, ó fò sókè pẹ̀lú orúnkún yẹn.

"Ó ti kún! Àbúrò mi, ó ti kún!"

Ẹ̀yin náà ti rí i. Ohun tí onílé kejìlá ṣe nítorí ìyá ìyàwó rẹ̀, òun náà ni mo ṣe nítorí ẹ̀gbọ́n mi. Ìyàtọ̀ wa kò ju pé tiẹ̀ ń gbé inú ilé náà lóòótọ́.

Wàhálà mìíràn ni pé Àǹtí fẹ́ràn èèyàn. Kò tó fún un pé ilé kún. Ó fẹ́ mọ àwọn tó kún un.

"Ta ló dé lọ́sẹ̀ yìí?"

"Dókítà eyín kan."

"Ta ló tún dé?"

"Tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan tí wọ́n ń ta táìlì."

Lọ́jọ́ kan tó rẹ̀ mí, tí irọ́ tuntun ò tètè wá sí mi lọ́kàn, mo ní, "Bàbá kan tí ìyàwó rẹ̀ kú. Ó kàn ń jókòó sójú fèrèsé, ó ń wo òde."

Mo kàgbákò. Ọ̀rọ̀ bàbá náà wọ Àǹtí lára ju ọ̀rọ̀ tèmi lọ.

"Ṣé ó ti ń jẹun?"

"Ó ti ń jẹ díẹ̀díẹ̀."

"Ṣé ó ń sùn?"

"Ó sùn lánàá."

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ó ní, "Ọmọ ọdún mélòó tiẹ̀ ni? Ìyá Abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀ o. Òun náà ò ní ọkọ."

Ìyá Abẹ́rẹ́ ni olórí àwọn nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù tí Àǹtí fi sílẹ̀. Obìnrin tí géńdé ọkùnrin máa ń sunkún níwájú rẹ̀ kó tó fa abẹ́rẹ́ yọ rárá. Mo ní bàbá náà ò tíì múra tán láti fẹ́yàwó.

Nílé, ìyàwó mi ti ń ṣọ́ mi. Owó oṣù mi kì í délé mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó di apá mọ́ àyà.

"Ta ni obìnrin náà?"

"Obìnrin wo?"

"Èyí tó ò ń náwó lé lórí."

"Àǹtí mi ni."

Ó rò pé mò ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo jókòó, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ìyá ìyàwó kejìlá títí dórí bàbá ojú fèrèsé. Ó gbọ́ ọ tán, ó mí kanlẹ̀.

"Ì bá kúkú jẹ́ àlè," ó ní. "Àlè á ti fi ọ́ sílẹ̀ nígbà tówó tán. Lọ sọ fún un lónìí."

"Màá sọ fún un lọ́la."

Ọ̀la yẹn di oṣù kan. Ọ̀la yẹn di oṣù méjì. Orúkọ mi sì ti wà lára ilẹ̀kùn, mi ò lè gbójú sókè wò ó bí mo bá ń wọlé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo gbọ́ ohùn Àǹtí nínú yàrá ọ̀gá mi. Mo sáré lọ. Òun àti Ìyá Abẹ́rẹ́ ló jókòó síbẹ̀, Ìyá Abẹ́rẹ́ gbé báàgì rẹ̀ lé itan. Ọ̀gá ti ń rẹ́rìn-ín, kò sì tíì sẹ́ni tó sọ nǹkan.

"Àbúrò mi, wá wò ó!" Àǹtí ní. "Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ ra ìkẹtàdínlógún, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Mo ti sọ fún un bí tèmi ṣe ń kún. Òun náà ti kọ ìwé pé òun fiṣẹ́ sílẹ̀. Ó wà nínú báàgì rẹ̀ níbẹ̀ yẹn, ó kù kó lọ fi sílẹ̀."

Ọ̀gá ti tẹ̀wé fún un. Òru mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n! Ọfà náà gùn ju ti tẹ́lẹ̀. Nísàlẹ̀ ìwé ni wọ́n kọ fúláàtì tó ń ṣe dáadáa jù lọ nínú ilé náà sí: kejìdínlógún, òru méjìdínlọ́gbọ̀n lóṣù.

Ti Àǹtí ni. Èmi ni mo tì í pa. Irọ́ mi ti wọ inú kọ̀ǹpútà, ó ti wẹ̀, ó ti wọṣọ, ó sì ti jáde wá jẹ́rìí.

"Àǹtí," ni mo wí.

Ọ̀gá tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. "Ikọ́ ló ń ṣe é," ó sọ fún wọn.

Ó yẹ kí n gbọn ẹsẹ̀ náà kúrò kí n sọ̀rọ̀. Mi ò sọ ọ́. Mi ò ní tan yín: bó bá jẹ́ èmi nìkan ni, ǹ bá dúró síbẹ̀ kí obìnrin náà fọwọ́ síwèé lójú mi.

Ìyá Abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ ló gba ara rẹ̀ là. Ó mú pẹ́ẹ̀nì, ó tún gbé e sílẹ̀.

"Èmi kì í fọwọ́ síwèé aláìsàn tí mi ò tíì fojú rí," ó ní. "Ẹ mú mi lọ wo èyí tó kún yẹn."

"Àlejò wà níbẹ̀, mà," mo sáré sọ. "Wọn kì í fẹ́ kí wọ́n dí àwọn lọ́wọ́."

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń wọ yàrá àwọn tó wà níhòòhò. Kí ni àlejò náà ní tí mi ò rí rí?"

Àǹtí fi ìgbọ̀nwọ́ gbún un lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Bóyá bàbá yẹn gan-an la máa bá níbẹ̀," ó ní. Mo rí i tí Ìyá Abẹ́rẹ́ tún ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe.

Ọ̀gá ní òun ń retí ẹni tó fẹ́ pe òun lórí fóònù, kò tẹ̀ lé wa.

Lífítì ò tíì jí. Àjà mẹ́fà la fẹsẹ̀ gùn, Àǹtí ń dúró ní àjà kọ̀ọ̀kan, ó ń fọwọ́ pa orúnkún, ó ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ibi tí ilé ń kún bẹ́ẹ̀, lífítì kì í ṣe nǹkan. Mo ń lọ níwájú wọn. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe.

A dé ẹnu ọ̀nà kejìdínlógún. Mo kan ilẹ̀kùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, àlejò wa! Ẹ má bínú o!"

Ẹ fojú inú wò mí: àgbàlagbà ọkùnrin, tó ń bẹ ilé tó ṣófo tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀. Mo tilẹ̀ gbé etí lé ilẹ̀kùn. Mo yíjú sí wọn, mo ní, "Ó jọ pé wọ́n ń sùn."

"Ta ló ń sùn?"

Rédíò ni. Ó ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ lẹ́yìn wa pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"Àlejò," Àǹtí dá a lóhùn.

"Àlejò wo? Lẹ́yìn tọkọtaya oníjà yẹn, kò sẹ́ni tó sùn síbẹ̀ mọ́. Ṣebí ọ̀dọ̀ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà." Ó yọ ọ́ nínú àpò rẹ̀, ó ti ṣílẹ̀kùn kí n tó nawọ́.

Ooru inú ilé tó ti pẹ́ tí wọ́n ti tì í ló kọ́kọ́ kọlù wá. Ìwé "Ẹ káàbọ̀" wà lórí tábìlì, eruku ti bò ó. Ìyá Abẹ́rẹ́ ṣí fìríìjì, ó ka ìgò omi, kò sí èyí tí wọ́n ṣí nínú wọn. Àǹtí kò dúró wo ìyẹn. Ó wọ yàrá lọ tààrà.

Àwọn tó bá ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn mọ bí wọ́n ṣe máa ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀. Wọ́n á ṣẹ́ igun aṣọ náà bí ẹni di àpò ìwé, wọ́n á fà á le, wọ́n á kì í sábẹ́ tìmùtìmù. Kò sẹ́ni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílé. Oṣù mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ yẹn, Àǹtí ra aṣọ bẹ́ẹ̀dì tuntun, mo sì sọ fún un pé àlejò kan jáde láàárọ̀, pé òmíràn ń bọ̀ nírọ̀lẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló wá tẹ́ ẹ.

Ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó di etí bẹ́ẹ̀dì mú, ó fi ìka tọ igun aṣọ náà.

"Ọwọ́ mi nìyí," ó ní. "Bí mo ṣe ṣẹ́ ẹ ló wà. Kò sẹ́ni tó dùbúlẹ̀ síbí."

Ó yíjú sí mi.

"Owó tó ń wọlé fún mi ńkọ́?"

"Èmi ni."

"Ìwọ ni kí?"

"Èmi ni àlejò, Àǹtí."

"Dókítà eyín?"

"Èmi ni."

"Àwọn tó ń ta táìlì?"

"Èmi ni àwọn méjèèjì."

Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Bàbá tí ìyàwó rẹ̀ kú?"

"Kò sí i."

"Ó kú?"

"Kò fìgbà kan wà, Àǹtí."

"Mo ti lọ ṣe irun," Ìyá Abẹ́rẹ́ ní, kò sì sọ ọ́ fún ẹnì kankan.

Àǹtí jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì náà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti oṣù mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni á kan án. "Ọjọ́ tí mo bi ọ́ ní ọ́fíìsì," ó ní. "Ọjọ́ yẹn gan-an. Ṣé o ti mọ̀?"

Mo lè sọ pé mi ò mọ̀. Ó ti wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n Rédíò dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí bí ẹni tó ń retí kí n dán an wò.

"Mo ti mọ̀. Mẹ́sàn-án ni."

"Mẹ́sàn-án," ó ní, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń sọ ìwọ̀n ọmọ tuntun fún ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. "Mo ní kó o sọ fún mi bí kò bá pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀."

Mò ń retí ìgbátí. Ká sòótọ́, mo fẹ́ ìgbátí náà, torí ẹni tí wọ́n bá gbá létí, wọ́n ti bá a wí tán. Àǹtí kò gbá mi. Ó yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ya ìwé tó wà nínú báàgì rẹ." Ìyá Abẹ́rẹ́ yọ ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ náà, ó ya á sí mẹ́rin, ó kó o lé mi lọ́wọ́.

"Bá mi sọ ọ́ nù," ó ní. "Àbí ìyẹn náà máa le fún ọ?"

Rédíò ní òun ò fẹ́ dá sí i. Ó wá dá sí i fún ìdajì wákàtí.

Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mi ò tíì kó ife tíì mi tán tí wọ́n ti ha orúkọ mi kúrò lára ilẹ̀kùn. Ilé ìtajà ọ̀dà ni mo wà báyìí, agolo ọ̀dà ni mò ń kà. Bí mo bá ka ogójì, ogójì ló wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni lè wá fọwọ́ kàn án.

Tí wọ́n bá gbé ìwé tó ní ọfà wá fún ẹ̀yin náà, ẹ má bi í pé "mélòó?" Ẹ bi í pé báwo ló ṣe mọ̀. Ẹ wá ẹni tó ń gbálẹ̀ ilé náà rí, ẹ ràn án lọ́wọ́ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ẹ wá onílé tó ti yọ ìpolówó rẹ̀ kúrò, kó sọ ohun tó lé e. Iye tí wọ́n kọ sára ìpolówó náà, iye tí onílé fẹ́ gbà ni, kì í ṣe iye tí àlejò san. Oṣù tó burú jù ni kẹ́ ẹ fi ṣèṣirò, ẹ fi oṣù tí wọ́n ń ṣọdún sílẹ̀. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ wo ẹni tó gbé nọ́ńbà náà wá, kẹ́ ẹ bi í bóyá ó máa rí nǹkan gbà bẹ́ ẹ bá sọ pé rárá. Kódà bó bá jẹ́ àbúrò yín.

Bó bá jẹ́ àbúrò yín gan-an, ẹ bi í lẹ́ẹ̀mejì.

Àǹtí padà lọ bẹ̀ wọ́n ní wọ́ọ̀dù rẹ̀. Wọ́n ti fi ẹlòmíràn sípò rẹ̀. Ilé ìwòsàn kékeré kan ní òdìkejì ìlú ló gbà á, lábẹ́ obìnrin kan tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé ìwọ́ ọmọ. Nígbà tó ti kúrò kí ọdún márùn-ún yẹn tó pé, láti orí òdo ni wọ́n tún ti ń ka ọdún iṣẹ́ rẹ̀ fún ìfẹ̀yìntì. Olùkọ́ kan ló ń gbé fúláàtì náà báyìí, ọdọọdún ló ń sanwó. Owó náà kò tó ohun tí èèyàn lè fi jókòó sílé.

Kò lé mi lọ́dọ̀. Ní àràárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń bá a gbé báàgì rẹ̀ dé ibùdókọ̀, ó sì máa ń jẹ́ kí n gbé e.

Ọjọ́ Ajé tó kọjá, ọkọ̀ pẹ́ kó tó dé. Ó ń fọwọ́ pa orúnkún. Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu mi.

"Àǹtí, ìgbà wo lẹ máa wá sinmi?"

Kò bínú. Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Ìwọ ṣáà lo mọ ìṣirò," ó ní. "Bá mi ṣírò rẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka ọdún. Ọkọ̀ dé. Ó gba báàgì rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó gbé e kọ́ èjìká, ó di irin ẹnu ọ̀nà mú, ó gbé ẹsẹ̀ tó dáa sókè, ó wá fi ọwọ́ kejì fa èyí tí kò dáa tẹ̀ lé e.